Wáyà Iná Tí Ó Gé, Àti Bí A Ṣe Lè Tún Un Ṣe Láìsí Ewu
Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ará wa sọ ní Bridge Head, Onitsha

Wọ́n ní kí a wá bá yín sọ̀rọ̀ lórí iná mànàmáná, pàápàá lórí ohun tí ó yẹ kí ènìyàn ṣe bí wáyà bá gé nínú ilé tàbí lóko. A kò ní sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń fa iná sí ilé tuntun; iṣẹ́ ẹni tí ó kọ́ ọ ni ìyẹn. Wáyà tí ó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, tí àdá wá bù, tí eku jẹ, tí ilẹ̀kùn há mọ́, tí ẹ̀rọ wúwo gorí rẹ̀, òun ni a wá sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ọ̀rọ̀ náà bá ibí yìí mu púpọ̀. Afárá odò Niger, tí wọ́n parí ní 1965, ni ó fún Bridge Head ní orúkọ rẹ̀. Lónìí, ṣọ́ọ̀bù lẹ̀ mọ́ ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀, wáyà gorí wáyà, jẹnẹrétọ̀ sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Odò kò jìnnà. Ní 2012 àti ní 2022, nígbà tí omi kún bo bèbè, ó wọ ọ̀pọ̀ ilé àti oko ní Ogbaru àti ní Anambra West. Ẹ̀yin tí ẹ wá láti oko náà mọ̀ pé ibi tí ẹ ti ń lo iná jù ni omi wà: ẹ̀rọ tí ń fa omi, ẹ̀rọ tí ń rin gbágùúdá, gílóòbù tí ń mú òròmọdìyẹ móoru. Iná àti omi àti ẹsẹ̀ lásán, àwọn mẹ́ta tí kò yẹ kí wọ́n pàdé nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe. Àdá bu wáyà ẹ̀rọ tí ń fa omi. Olóko fi eyín bó rọ́bà orí rẹ̀, ó lọ́ bàbà mọ́ bàbà, ó fi téèpù dúdú wé e lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó tan iná, ẹ̀rọ sì ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá sí téèpù, ọ̀rá ni yóò fi dì í. Ó lè ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún oṣù kan, ó lè ṣiṣẹ́ fún ọdún kan. Ìyẹn gan-an ni kì í jẹ́ kí olúwarẹ̀ gbà bí a bá sọ fún un pé ohun tí ó ṣe kò dára.

Àbùkù rẹ̀ nìyí. Ibi tí a fi ọwọ́ lọ́ kì í fún tó. Níbi tí bàbà kò bá ti fara mọ́ bàbà dáadáa, iná tí ń kọjá á mú ibẹ̀ gbóná. Bí ó bá gbóná, bàbà á fẹ̀ díẹ̀. Bí a bá pa á tí ó tutù, á tún súnkì. Lójoojúmọ́ ni ó ń tú díẹ̀díẹ̀, bí ó sì ṣe ń tú ni ó ń gbóná sí i. Lọ́jọ́ kan rọ́bà á yọ́, iná á sì ràn mọ́ ohun tí ó bá wà nítòsí, ì báà jẹ́ pákó, ì báà jẹ́ koríko gbígbẹ, ì báà jẹ́ páálí ọjà. Apá kan nìyẹn. Apá kejì ni téèpù. Oòrùn á gbẹ gọ́ọ̀mù rẹ̀, etí rẹ̀ á ṣí, ìrì àti òjò á sì wọlé. Wáyà náà wà nínú ẹrẹ̀, ọmọdé ń ru omi kọjá lórí rẹ̀.

Àwọn kan á ní, ṣebí fíùsì wà nínú púlọ́ọ̀gì. Ó wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n fíùsì tí ó máa ń wà nínú púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí gbogbo wa ń lò, áǹpù 13 ni. Nítorí wáyà ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀, kí wáyà má baà jóná. Kì í ṣe nítorí ènìyàn. Bí a bá pín áǹpù kan ṣoṣo sí ọ̀nà 1,000, 30 péré nínú rẹ̀ ti tó láti da iṣẹ́ ọkàn ènìyàn rú. Ìyẹn kò tó ìdá kan nínú 400 ohun tí fíùsì náà ń gbà kọjá láìjá. Ènìyàn á ti kú kí fíùsì tó mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Bírékà kan wà tí wọ́n ṣe nítorí ènìyàn, RCD ni àwọn oníná ń pè é. Bí iná bíńtín tó 30 nínú 1,000 áǹpù bá ń jò lọ sínú ilẹ̀, á já kíákíá. Ó wọ́n ju bírékà lásán lọ, ṣùgbọ́n ní tiwa, ẹni tí ó bá ń fi iná fa omi lóko kò gbọdọ̀ wà láìní in.

Ó yá, wáyà ti gé. Kí ọwọ́ tó kàn án, iná gbọ́dọ̀ ti kúrò níbẹ̀. Ó dà bí ohun tí ọmọdé mọ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni a fẹ́ dúró pẹ́ jù lọ, nítorí ọ̀nà tí iná ń gbà wọ ilé wa ti ju ọ̀kan lọ.

Èkíní ni iná ìlú. Láti 1972 ni a ti ń pè é ní NEPA. Ní 2005 wọ́n sọ ọ́ di PHCN. Ní 2013 wọ́n pín in fún àwọn iléeṣẹ́ aládàáni, tí ó fi jẹ́ pé EEDC ni ó gba ti Anambra níhìn-ín, tí IBEDC sì gba ti Ìbàdàn àti àyíká rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ṣì ń pè é ní NEPA náà. Orúkọ kọ́ ni ọ̀rọ̀ wa. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ ni pé iná tí ó lọ kì í ṣe iná tí a pa. Bí ẹ bá ń tún wáyà ṣe nítorí pé “wọ́n ti mú iná”, kò sí ẹni tí yóò béèrè lọ́wọ́ yín kí wọ́n tó mú un padà dé. Bẹ́ẹ̀ náà ni owó mítà tí ó tán kì í ṣe iná tí a pa. Ọmọ yín lè ra iná lórí fóònù, kí ó tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sínú mítà láti fi dá yín lọ́lá, nígbà tí bàbà ṣì wà lọ́wọ́ yín lẹ́yìn ilé.

Èkejì ni jẹnẹrétọ̀, òun ni ó sì ń bà wá lẹ́rù jù. Ẹ ti rí wáyà tí ó ní púlọ́ọ̀gì ní orí méjèèjì. Wọ́n á ki orí kan bọ jẹnẹrétọ̀, wọ́n á ki orí kejì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé, gbogbo ilé á sì tàn. Ẹ wo ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Bí ẹnìkan bá fa orí kan yọ nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ irin tí iná wà lára rẹ̀ ni ó dì mú lọ́wọ́. Bí súìsì ńlá kò bá sì sí ní pípa, iná jẹnẹrétọ̀ náà á gba mítà jáde lọ sí orí òpó. Ọkùnrin tí ó gun òpó láti tún wáyà ṣe rò pé iná kò sí ní àdúgbò, iná ilé yín ni yóò sì pa á. Bí ó bá kan ẹ̀rọ ńlá tí ń pín iná ládùúgbò, ẹ̀rọ náà á sọ iná kékeré yẹn di ńlá padà lórí wáyà òkè. Bí irú wáyà olórí méjì bẹ́ẹ̀ bá wà nílé yín, ẹ gé orí rẹ̀ kan dànù lálẹ́ òní. Súìsì ìyípadà tí àwọn oníná ń pè ní séńjọ́fà ni ó yẹ kí ó wà láàrin jẹnẹrétọ̀ àti ilé: bí ó bá wà ní apá kan, kò lè wà ní apá kejì.

Ẹ̀kẹta ni bátìrì àti sólà, tí ó ti wọ́pọ̀ báyìí. Wọn kì í pariwo. Bí iná ìlú bá lọ, ẹ̀rọ wọn á gbà á lójú ẹsẹ̀, ẹ kò sì ní gbọ́ nǹkan kan. Ní Bridge Head, ẹ fi aládùúgbò kún un, nítorí wáyà ṣọ́ọ̀bù kan lè gba inú òmíràn kọjá, kí ẹ pa tiyín kí iná tirẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ẹ tọ ipasẹ̀ wáyà náà láti orí dé ìdí, ẹ má ṣe méfò.

Nítorí náà, bí wáyà náà bá ní púlọ́ọ̀gì, ẹ fà á yọ, kí ẹ sì gbé púlọ́ọ̀gì náà sí ibi tí ojú yín á ti máa rí i. Bí kò bá ní, ẹ pa bírékà rẹ̀, ẹ pa súìsì ńlá ẹ̀gbẹ́ mítà pẹ̀lú, kí ẹ pa jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ bátìrì. Ilé tí ó bá ṣì ń lo fíùsì alámọ̀ ti ayé àtijọ́, ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi í sínú àpò ṣòkòtò yín. Ẹni tí ó bá fẹ́ tan iná á kọ́kọ́ wá béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ sọ fún ará ilé. Ẹ kọ “Ẹ má tan án o” lé e.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ dán an wò. Tẹ́sítà tí ó ní iná pupa kékeré ní ìdí máa ń tanni jẹ nígbà mìíràn. Ó lè bà jẹ́, oòrùn sì lè má jẹ́ kí ẹ rí i. Ẹ kọ́kọ́ fi kan ibi tí ẹ mọ̀ dájú pé iná wà, kí ó tàn. Ẹ fi kan gbogbo ọmọ wáyà tí ó gé, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ tún padà fi kan ibi àkọ́kọ́, kí ó tún tàn. Bí kò bá tàn ní ìgbà ìkẹyìn yìí, tẹ́sítà yín ti kú láàrin méjì, ohun tí ó sọ fún yín kò sì já mọ́ nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ ọmọ wáyà ti dé. Wáyà tí ó ń lọ síbi ẹ̀rọ onírin máa ń ní ọmọ mẹ́ta nínú. Nínú wáyà ìsinsìnyí, èyí tí ó ní àwọ̀ ilẹ̀ tàbí búráùn ni iná ń gbà wá, tí wọ́n ń pè ní láìfù. Aláwọ̀ búlúù ni iná ń gbà padà. Aláwọ̀ ewé tí ó ní ilà òfeefèé lára ni wáyà ilẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́, pupa ni láìfù, dúdú ni ti ìpadà, aláwọ̀ ewé lásán ni ti ilẹ̀. Ilé mìíràn wà tí ẹni tí ó fa iná rẹ̀ lo àwọ̀ tí ó bá rí lọ́jà, nítorí náà ẹ má ṣe fi ẹ̀mí yín lé àwọ̀ lọ́wọ́. Bí ẹ bá ń so wáyà, ti ilẹ̀ yìí ni kí ẹ má ṣe fi sílẹ̀ láé. Àwọn kan máa ń gé e dànù nítorí pé ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ láìsí i. Ẹ̀rọ á ṣiṣẹ́, ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí iná bá kan ara irin ẹ̀rọ náà, wáyà ilẹ̀ ni ì bá gbé e lọ kí bírékà fi já. Bí kò bá sí, ara irin á dúró pẹ̀lú iná títí ẹnìkan yóò fi gbé ọwọ́ lé e.

Ṣé kí a wá so ó, àbí kí a pààrọ̀ rẹ̀? Èrò tiwa ni pé pípààrọ̀ ló dára jù nígbà tí owó bá wà. Bí ó bá gé nítòsí púlọ́ọ̀gì tàbí nítòsí ẹ̀rọ, ẹ gé ìdí kékeré náà sọnù, kí ẹ de púlọ́ọ̀gì padà mọ́ èyí tí ó kù. Wáyà á kúrú díẹ̀, kò sí ìsopọ̀ kankan lára rẹ̀. Bí ó bá gé láàrin gan-an, ẹ wò ó bóyá ìdajì rẹ̀ tó yín í lò. Bí kò bá tó, ni kí ẹ tó so ó.

Bí ẹ bá máa so ó, ẹ fi ọ̀bẹ mímú tàbí páláyà gé orí méjèèjì kí ó gún. Ẹ wo bàbà inú rẹ̀. Bí ó bá ti dúdú, omi ti wọ̀ ọ́. Ẹ máa gé e sẹ́yìn títí ẹ óò fi rí bàbà tí ń dán. Bí ẹ bá gé e títí tí dúdú kò tán, wáyà náà ti lọ. Wáyà tí ó sùn sínú omi ẹ̀kún odò máa ń rí bẹ́ẹ̀, nítorí omi máa ń rìn nínú rẹ̀ bí epo ṣe ń rìn nínú òwú àtùpà. Kọ́nẹ́kítọ̀ tí ó ní àpótí rọ́bà, tí ó ní sukúrù fún ọmọ wáyà kọ̀ọ̀kan, tí ó sì ní ohun tí ń di ara wáyà mú ní ẹnu méjèèjì, ni kí ẹ lò. Ẹ bó ìwọ̀n rọ́bà tí sukúrù á gbà nìkan, kí bàbà má ṣe yọ síta. Ẹ dè é, kí ẹ fa ọ̀kọ̀ọ̀kan wò; èyí tí ó bá yọ, ẹ tún un dè. Rọ́bà òde wáyà ni kí ohun ìdìmú náà dì mú, kì í ṣe àwọn ọmọ inú rẹ̀. Bí ẹnìkan bá kọsẹ̀ lára wáyà, ohun ìdìmú ni yóò jìyà rẹ̀, sukúrù kò ní mọ̀.

Fún ìta gbangba, èyí tí kì í gba omi ni kí ẹ rà, irú èyí tí apá kan jẹ́ púlọ́ọ̀gì tí apá kejì sì jẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Apá tí ó ní ihò gbọ́dọ̀ wà níhà ibi tí iná ti ń bọ̀, apá tí ó ní ẹsẹ̀ irin níhà ẹ̀rọ. Bí ẹ bá gbé e sódì, nígbà tí ó bá tú, ẹsẹ̀ irin tí iná wà lára rẹ̀ á wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ fún ewúrẹ́ àti ọmọ. Ẹ gbé ìsopọ̀ náà kọ́ sókè kúrò nínú ẹrẹ̀. Bí ó bá jẹ́ inú ilé, ẹ má ṣe rẹ́ sìmẹ́ńtì bo ìsopọ̀ mọ́ inú ògiri. Inú àpótí tí ó ní ìdérí ni kí ó wà, kí ènìyàn lè ṣí i wò.

Àwọn kan wà tí kì í ṣe tiwa láti fọwọ́ kàn. Wáyà tí ó ti orí òpó wá sí mítà, ẹ kò ní súìsì tí ẹ lè fi pa á, nítorí náà àwọn iléeṣẹ́ tí ń pín iná ni kí ẹ pè. Alumíníọ̀mù ni ó sábà máa ń jẹ́, bí a bá sì lọ́ alumíníọ̀mù mọ́ bàbà lásán, wọ́n á jẹ ara wọn. Bí wáyà òpó bá já bọ́ sílẹ̀, ẹ má ṣe sún mọ́ ọn, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ sún mọ́ ọn. Wáyà tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ tí ọkọ́ bù náà, oníná tí ó ní ìwé ẹ̀rí ni kí ẹ wá. Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní NEMSA ni ó ń yẹ iṣẹ́ iná wò, tí ó sì ń fún wọn ní ìwé náà.

Ọ̀rọ̀ ọjà ńkọ́? Ẹ wà ní Onitsha, ẹ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò kí a kọ́ yín ní ọjà rírà. Ṣùgbọ́n wáyà ayédèrú pọ̀. Wọ́n á fi bàbà fẹ́lẹ́ bo alumíníọ̀mù tàbí irin. Ẹ fi ọ̀bẹ ha ojú rẹ̀: bí ó bá funfun nínú, kì í ṣe bàbà. Ẹ gbé òòfà sún mọ́ ọn: òòfà kì í fa bàbà. Ẹ gbé e wò lọ́wọ́, nítorí bàbà wúwo. Nọ́ńbà 1.5 ni wọ́n sábà ń lò fún gílóòbù, 2.5 fún sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára wáyà náà, kì í ṣe ti orí páálí nìkan, kí ẹ sì wá àmì SON. Kò sì yẹ kí a máa wá èyí tí ó dára lọ sí òkèèrè: ní Nnewi níbí, tí kò jìnnà sí wa, ni Cutix, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1982, ti ń ṣe wáyà, Coleman sì ń ṣe é ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ayédèrú ti àwọn orúkọ rere náà sì wà lórí àtẹ, nítorí náà ọ̀bẹ àti òòfà yẹn ṣì wúlò.

Ìyá kan bi wá léèrè kí a tó bẹ̀rẹ̀ pé bí iná bá wá gbé ènìyàn ńkọ́. Ẹ má ṣe dì í mú o. Ẹni tí ó bá dì í mú, iná á gbé òun náà. Ẹ sáré pa súìsì tàbí kí ẹ fa púlọ́ọ̀gì yọ. Bí ẹ kò bá rí i pa, ẹ dúró lórí pákó gbígbẹ tàbí ike, kí ẹ fi igi gbígbẹ ti wáyà kúrò lára rẹ̀. Igi tútù kò ṣe é lò, irin kò ṣe é lò. Nǹkan tí a wí yìí, fún iná inú ilé nìkan ni. Bí ó bá jẹ́ wáyà ńlá orí òpó, igi gbígbẹ kò tó. Ẹ jìnnà sí i, kí ẹ pe àwọn tí ó ni ín. Bí ó bá ti kúrò lára iná tí kò sì mí, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà rẹ̀ wọlé kí ó le, kí ó yá, bí ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹ má ṣe dáwọ́ dúró títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé. Ẹ má ṣe da omi sí i lára, ẹ má ṣe rọ epo pupa sí i lẹ́nu. Bí ó bá tilẹ̀ dìde tí ó ní kò sí nǹkan, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí iná lè ba ọkàn jẹ́ láìsí ọgbẹ́ tí ó hàn lójú.

A ti gbé kọ́nẹ́kítọ̀ mẹ́ta, páláyà kan àti wáyà gígé sí orí tábìlì yìí. Kò sí iná lára rẹ̀, a sì ti fi tẹ́sítà wò ó lójú yín. Ẹ máa bọ̀ ní méjì-méjì, àgbà kan pẹ̀lú ọ̀dọ́ kan láti ilé kan náà, kí ọ̀kan so ó kí èkejì fà á wò. Ẹni tí ó bá mú wáyà tirẹ̀ wá láti oko, kí ó jókòó sí apá òsì, a óò wò ó lẹ́yìn tí gbogbo wa bá ti so tiwa tán.